Òpó Sìmẹ́ǹtì Mẹ́rin

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìrì ṣì wà lórí ewé kòkó,
ọkùnrin mẹ́ta, bàtà rọ́bà, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan
tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ewúrẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́rọ̀.
Wọn ò kí wa.
Wọ́n wo inú ẹ̀rọ, wọ́n kọ nọ́ńbà sínú ìwé,
wọ́n ri òpó sìmẹ́ǹtì mẹ́rin mọ́ oko bàbá mi:
ọ̀kan létí odò, ọ̀kan nídìí igi obì,
ọ̀kan níbi tí a ti ń sá kòkó,
ìkẹrin (ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará Iléṣà)
ìkẹrin wà lókè orí Ìyá Ọ̀ṣúntọ́lá
tó ti sùn síbẹ̀ láti ọdún tí pọ́n-ùn kú tí náírà jọba.

Mo ní, "Ta ló rán yín?"
Ọmọkùnrin tó di okùn mú rẹ́rìn-ín.
"Màmá, Àbújá ni. Tiyín ni òkè ilẹ̀.
Ohun tó wà nísàlẹ̀, ti ìjọba ni."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí ọbẹ̀ fi jóná.
Báwo la ṣe ń la ilẹ̀ ní ìbú bí ẹni ń la búrẹ́dì?
Níbo ni tèmi parí sí?
Ṣé ibi tí gbòǹgbò kòkó dé? Ṣé ibi tí iṣu ta dé?
Àbí ibi tí wọ́n gbẹ́ dé fún Ìyá Ọ̀ṣúntọ́lá lọ́jọ́ náà,
tí amọ̀ pupa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lẹ́nu ṣọ́bìrì,
tí àwa ọmọdé pariwo pé ìràwọ̀ ń bẹ nínú ilẹ̀,
tí bàbá mi gbá wa létí?
Ó ti mọ̀.
Ó mọ̀ pé ohun tó bá ń dán níí pe olè wálé.

Fádugbà bàbá mi kò ní ìwé.
Ìwé tirẹ̀ ni pèrègún mọ́kànlélógún
tó tò láti ìdí àpáta dé odò Ayílóye.
Lọ́dọọdún, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, yóò mú mi rìn ín,
yóò fi ọwọ́ mi kan igi, yóò dárúkọ ẹni tó gbìn ín:
Arówóbùsóyè ló gbin èyí. Lájùwọ̀n ló gbin ìyẹn.
Èyí tó wọ́ yìí, ìjà la fi gbìn ín,
àwa àti àwọn ará abà kejì;
a parí ìjà, a jọ pa obì, a jọ mu omi.
Kò sẹ́ni tó lọ sí Àbújá.
Ta ló mọ Àbújá nígbà yẹn?

Nígbà tí Ayílóye di omi amọ̀,
tí ara ọmọ Bísádé yún títí awọ fi bó,
a pe ìpàdé síwájú ilé ẹ̀kọ́.
Ìjòyè kan ní ká gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lórí ilé kọ̀ọ̀kan.
A ò fèsì. A yan tiwa:
obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́rin,
a kọ orúkọ wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ.
Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fa òpó tu lóru.
Àlùkò arúgbó wúkọ́.
Òṣómàáló ni nígbà ayé rẹ̀, ó ta aṣọ láwìn dé Kánò.
Ó ní, "Gbèsè ni èyí. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí a ṣe ń gba gbèsè ni?
Ẹ jẹ́ ká lóṣòó."

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a ti lóṣòó sójú ọ̀nà ọkọ̀ wọn.
Dírẹ́bà fọn fèrè títí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá wa jẹ àgbàdo.
Lánàá mo gbin pèrègún kejìlélógún ti òpó ìkẹrin,
mo dárúkọ ara mi fún un.
Orúnkún ń ro mí.
Àlùkò ní kò tíì tó nǹkan:
ní Kánò, òun lóṣòó fún ọjọ́ méjìlá
nítorí ọ̀pá aṣọ mẹ́fà.