Ẹfun Lára Ilẹ̀kùn

Fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́,
ẹfun kan, àti bírò tí kò fẹ́ yọ.
Wọ́n ní kí n ka ilé láti Ìsọ́kùn dé Ìkótì,
kí n béèrè iye orí tó sùn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lánàá,
kí n sì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn.

Ilé àkọ́kọ́: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gíláàsì aláwọ̀ aró,
géètì onírin tí wọ́n ya kìnnìún sí.
Mo kan géètì títí ìka mi fi pọ́n.
Ojonúgwa ló jáde, òun àti ajá.
"Ọ̀gá ń bẹ l'Ékòó. Wọ́n ní Kérésì làwọn ń bọ̀."
Kérésì wo? Ó rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́: yàrá mẹ́rìnlá, ènìyàn kan.
Fọ́ọ̀mù ò láyè fún ajá.

Ìkejì, àgádágodo.
Ìkẹta, koríko ti gun àtẹ̀gùn ṣáájú mi.

Lẹ́yìn Adétì, mo bá Màmá Fadérera lórí àpótí,
ó ń ṣa ẹ̀wà.
"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbébí, Màmá?"
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ ò gbọ́ rí ni?"
Mo ní ìjọba ló rán mi.
Ó mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù.
"Ó dáa. Kọ mẹ́sàn-án.
Kọ Bámitálẹ́. Kánádà ló wà,
ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń bẹ nínú yàrá yẹn, àná ni mo tẹ́ ẹ.
Kọ Ìbídùn, Ìbàdàn ò jìnnà.
Kọ baba wọn,"
ó nàka sí sàréè tí wọ́n lẹ táìsì mọ́ níwájú ilé,
"àbí ta ló kọ́lé tí ò ní sí nínú ìwé ilé?"

Mo kọ mẹ́sàn-án. Mo fà á. Mo kọ ọ̀kan.
Ó fún mi lómi mu. N kò jẹ́ kó rí fọ́ọ̀mù náà.

Lójú ọ̀nà yunifásítì, ìṣirò yí padà.
Àká kòkó àwọn Ajílọrẹ,
tí òórùn kòkó ò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀,
wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gé e sí yàrá mẹ́jọ,
akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, gáàsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Yàrá ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ti di igba láàárín ọdún méjì,
ajẹ́ńtì sì ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Fọlárìn tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀
gbé yàrá igun yẹn fún ọdún mọ́kànlá.
Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ló ń sùn báyìí,
ọ̀kadà ní ń gbé e wá síbi iṣẹ́.
"Ìlú ti là," ni onílé wí.
Fọlárìn gbọ́. Ó fi eyín já òwú.

Àwọn tó ń wa góòlù lọ́nà Ìtàgúnmódì
ò fẹ́ kí orúkọ àwọn wọ̀wé.
Lawali ní kí n ka bàtà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n pín in sí méjì.
Mọ́kàndínlógún ni.
Mo wá ẹsẹ̀ kejì títí, n kò rí i.

Àwa tá à ń fọ́nnu pé Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná,
ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko:
lálẹ́, mo dúró lórí òkè, mo wo ìlú wa.
Òrùlé lọ súà. Iná ò tó nǹkan.
Ibi tó mọ́lẹ̀ jù, àlejò ló tanná síbẹ̀.

Mo délé. Lẹ́tà onílé wa wà lábẹ́ ilẹ̀kùn.
N kò ṣí i.
Ẹfun kù díẹ̀ lápò mi. Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn:
ènìyàn mẹ́rin,
títí di ìparí oṣù.