Irin Tó Wà Lára Igi Máńgòrò

Kì í gé yìnyín.
Ohun tí Bàbá Fáparusí kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn
bí ẹnikẹ́ni l'Éfọ̀n bá pe ọkọ̀ náà ní ọ̀bẹ.
Kì í gé e. Ó ń gùn ún ni.
Imú rẹ̀ tẹ̀ bí ìdí ṣíbí ìrokà,
á rọra gorí omi dídì
bí àgbà tó ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ọjà wa,
á dúró, á mí kanlẹ̀,
á wá jókòó.
Ìjókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́.
Ẹgbàárùn-ún tọ́ọ̀nù irin jókòó
lórí ohun tó ti dì kí wọ́n tó bí baba baba ẹni,
ẹ ó sì gbọ́: kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́,
gbàà!
Omi dúdú yọjú, ó ń rú bí ìkòkò.

Tó bá wá há ńkọ́?
Àgbá omi ńlá méjì ló wà níkùn rẹ̀,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.
Ẹ̀rọ á máa fa omi láti ìhín sọ́hùn-ún,
ọkọ̀ á máa yíra padà
bí aboyún oṣù mẹ́sàn-án tí ń wá ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi sùn,
títí yìnyín yóò fi sú, tí yóò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣe ikùn rẹ̀ ní róbótó kí yìnyín má baà fún un pa:
bó bá fún un, á yọ̀ sókè bí ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé.
Àmọ́ lórí òkun tí kò dì,
"ugbá ni," bàbá wí, "ugbá lásán lójú omi."
Ọjọ́ mẹ́tàlá ló fi ń bì nígbà àkọ́kọ́,
ọmọ orí òkè tí kò rí òkun rí
àfi nínú ìwé jọ́gíráfì.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà le lẹ́nu.
Mẹ́ta ni wọ́n kàn níbùdó kan náà, òun ló kẹ́yìn,
Bàbá bá ń pè é ní Àbíkẹ́yìn.
Ọdún méjìlélógún ló fi gbé ìyẹ̀fun, kẹrosíìnì,
àti àwọn tí ń wọn afẹ́fẹ́,
lọ síbi tí oòrùn ti ń sùn fún oṣù mẹ́ta.
Ó fa ọkọ̀ apẹja kan yọ rí,
ẹja kún inú ẹ̀, iyọ̀ ti tán.
Lọ́dún kan, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi dúró lójú kan.
Èèyàn ò kàn ń jó irin tó tutù tó báyẹn,
á fọ́ bí àwo.
Bàbá kọ́kọ́ fi iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ra á lára
bí ẹni ń ra ọmọ tuntun, wákàtí mẹ́fà,
kó tó jó o pọ̀.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ òsì díẹ̀.
Ìka méjì ló ṣẹ́kù síbẹ̀.

Nígbà tó gbó, wọ́n fà á lọ sí etíkun kan
tí iyanrìn rẹ̀ ń jó ẹsẹ̀.
Wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ooru.
Bàbá ra ègé kan, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun,
ibi tó jó pọ̀ wà lójú ẹ̀ bí ilà.
Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ló gbé e dé Èfọ̀n.

Lára igi máńgòrò ilé-ìwé wa ló ti ń dún.
Èmi ni mo ń lù ú ní kíláàsì karùn-ún.
Lọ́jọ́ ọyẹ́ kan, kùrukùru bo òkè títí dé òrùlé,
eyín mi ń lu ara wọn.
Mo bi í bóyá òtútù ibẹ̀ ju tiwa lọ.
Ó wo irin, kò wo mi.
"Tiwa mọ ọ̀nà ilé," ló wí,
ó ní kí n lù ú, aago mẹ́jọ ti kọjá.