Kristẹni Ni Wọ́n, Àbí Àgùdà?

Akọ̀wé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ gbé bírò sókè, ó ní,
"Kristẹni ni wọ́n, àbí Àgùdà?"
bí ẹni tó ń bèèrè ẹran lọ́wọ́ ẹja.
Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin lẹ́yìn wa,
rosárì wé mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́,
èyí tó rà ní Òkè Páádì lọ́dún tó bí mi;
ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já nínú rẹ̀, ó fi wóró ìdò rọ́pò.
Mo ní, "Ẹ kọ méjèèjì."
Ó ní, "Àyè ibẹ̀ kò gbà ju ọ̀kan lọ."

Àyè ibẹ̀ kò gbà.
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ,
èmi tí Felísíà Àdùfẹ́ bí fún Ṣádíráákì, ọmọ ìjọ Kúdẹtì.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọn a jọ jáde n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
wọn a jọ rìn dé ìkóríta;
Ìyá a yà sí òkè, Bàbá a yà sí odò,
èmi a dúró díẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù.
Ọ̀sẹ̀ kan, tùràrí. Ọ̀sẹ̀ kan, ìwé orin.

Lọ́dọ̀ Bàbá, a ó dìde fún ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́,
Bàbá á na ọrùn,
á sọ ọ́ ketekete pé òun gba ìjọ Kátólíìkì gbọ́.
Mo fà á láṣọ: "Bàbá, ti Ìyá mi nìyẹn!"
Ó ní, "Panu mọ́. Gbogbo ayé ni Kátólíìkì tiwa ń jẹ́.
Ti ìyá ẹ, Àgùdà ni."
Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń bèèrè ta ló nilé."

Àmọ́ n kò ní gbè sẹ́yìn Ìyá náà.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba Ara Olúwa,
Bàbá wọ kóòtù, ó bá wa gòkè.
Gbogbo ìjọ tò lọ síwájú pẹpẹ,
òun nìkan ló kù lórí bẹ́ńṣì gígùn,
ó ń wo òrùlé.
Fadá kò pè é. Ìyá kò bojú wẹ̀yìn.
Búrẹ́dì náà fẹ́lẹ́ bí ìwé,
síbẹ̀ kò gba ọ̀fun mi kọjá bọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò mi Abíọ́nà di àtúnbí lójú ọ̀nà Èkó,
lábẹ́ àgọ́ tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.
Ó dé, ó ní àwọn méjèèjì kò tíì rí ìgbàlà:
Ìyá ń bọ ère, Bàbá ń ka àdúrà látinú ìwé.
Bàbá ní, "Bíbélì tó o gbá mú yẹn,
ta ló tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìjọ tìẹ sílẹ̀?"
Ìyá yíjú sí i. Bàbá wo ilẹ̀.
Ẹyin ti bọ́.

Mo ti dúró ní Màpó rí, mo wo agboolé wa nísàlẹ̀:
páànù tó dípẹtà, páànù tuntun tó ń kọ mànà,
ilé alámọ̀ kan láàárín, tó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
tí àwọn ọmọ kọ́lé bulọ́ọ̀kù yí ká,
tí wọ́n ń sọ pé kò bá òde mu mọ́.
Inú rẹ̀ ni wọ́n sì sin olúbi gbogbo wọn sí.
Mo fẹ́ fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Kò parí síbẹ̀.
Ilé àgbà náà ń jò. Ìyá pàápàá mọ̀;
igbá mẹ́ta ló fi ń gbe omi òjò.

Bírò ṣì wà lókè. Bàbá dé, ọ̀pá rẹ̀ ń kan símẹ́ńtì.
"Ẹ̀sìn aláìsàn ńkọ́, Bàbá?"
"Ìyàwó mi ni," ó ní, ó kọjá.
Ọwọ́ Ìyá ń gbọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Bàbá, tí kò fọwọ́ kàn án rí fún ọdún mọ́kànlélógójì,
gbà á, ó ń fi àtàǹpàkò tì í lọ́kọ̀ọ̀kan,
ètè rẹ̀ ń mì, n kò mọ ohun tó ń sọ.
Ó dé orí wóró ìdò, ó rò pé ó ti tán.
Ìyá kò la ojú. Ó ní,
"Ṣádíráákì. Ó ku mẹ́ta."