Ìwé Ìbéèrè ní Tskaltubo

Wọ́n gbé kámẹ́rà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń pa wọ́n,
ọkọ̀ mẹ́ta, iná ńlá, àti ọmọbìnrin kan tó di ìwé mọ́ àyà.
Fíìmù ogun ni wọ́n fẹ́ yà.
Wọ́n ní ilé wa bá a mu: ògiri rẹ̀ ti bó,
òrùlé ń jò, igi ti hù nínú gbọ̀ngàn ijó.
Kò ní í ná wọn lówó láti wó o.

Ilé ìwòsàn ni ilé yìí tẹ́lẹ̀.
Àwọn ọ̀gá ìjọba a máa ti Mọ́síkò wá,
kí omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ bá wọn tú oríkèé tó ti dì.
Àwa wá nígbà tí ìbọn lé wa kúrò létí òkun.
Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n dá fún wa.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé.

Ìyá mi àgbà, Nazibrola, jókòó sórí àpótí,
ó ń ṣa ẹ̀wà pupa sínú abọ́.
Ọmọbìnrin náà ṣí bíró.

"Ọdún mélòó ni yín, ìyá?"
Èwo lo fẹ́, ti ara mi,
àbí ti ibi tí mo ti ń dúró?

"Ṣé ara yín le?"
Orúnkún mi ọ̀tún mọ ọjọ́ òjò ju rédíò lọ.
Orí omi tó ń wo ọ̀gá sàn ni mo ń sùn,
ẹ̀rọ tó ń fà á ló ti kú.
Dókítà ní ọkàn mi ti tóbi jù.
Mo ní, Dókítà, ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ ni?

"Ṣé ẹ tàbí ará ilé yín ti rí ẹ̀wọ̀n rí?"
Ọwọ́ ìyá àgbà dúró.
Ẹ̀wà kan bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Bàbá mi Badri ló yọ páìpù bàbà ilé ìwẹ̀ tà
lọ́dún tí a fi omi iyọ̀ jẹ búrẹ́dì. Ọdún méjì gbáko.
Ọlọ́pàá tó mú un ti fi mábù àtẹ̀gùn wa tẹ́ ilé ìdáná rẹ̀.
"Kọ ọ́ síbẹ̀," ìyá àgbà ní, "pé ẹni tó jí páìpù lọ sẹ́wọ̀n.
Ẹni tó jí ìlú ńkọ́? Àyè rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn?"
Ọmọbìnrin náà wo ìwé. Kò sí.

"Ṣé ẹ ti rí ogun rí?"
Ta ló ń ráyè wo ogun?
Òkè là ń gùn nínú yìnyín, ojú wa ń bẹ nílẹ̀.
Ọmọ kan ń lọ níwájú mi, ẹsẹ̀ kan ló ní bàtà.
Ẹsẹ̀ kejì ni mò ń wò
títí tí n kò fi rí i níwájú mi mọ́.

Bíró kò kọ nǹkan kan.

"Ogójì lárì lóòjọ́," ọmọbìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.
"Ẹni tó bá lè sunkún lójú kámẹ́rà, ọgọ́ta."
"Ẹni tó bá kú ńkọ́?"
"Márùndínláàádọ́ta, ìyá."
"Ṣé ó máa ń dìde jẹun bó bá kú tán?"
"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìrẹsì àti ẹran."
"Ẹ fi mí sínú àwọn òkú, jàre."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn, wọ́n da omi pupa sí i láyà.
Ọ̀gá wọn pariwo pé ó tó. Ìyá àgbà kò dìde.
Mo sáré, ọkàn mi ń já.
Híhan ni ó ń hanrun.

Wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta.
Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n sì sanwó pé,
ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ihò ọta tí wọ́n kùn sára ògiri.
Ìbọn kò dún rí ní Tskaltubo.
Lela, ọmọ ọdún mẹ́rin, fẹ́ ki ìka bọ ọ̀kan. Kò wọlé.
Ó yíjú sí wa:
ta ló yìn ín?