Omi Tí Kò Níyọ̀

Ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Bàyékù
kì í rì, kì í léfòó dáadáa.
Ó kàn ń mumi díẹ̀díẹ̀
bí arúgbó tí ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Lówùúrọ̀ Àlàmísì, mo ká tàpólì, omi bo ìka ẹsẹ̀ mi.
Mo gbọ́n ọn.
Lówùúrọ̀ Jímọ̀, omi bo ìka ẹsẹ̀ mi.
Mo tún gbọ́n ọn.
Ràfátù dúró létí omi, igbá edé lórí,
ó ní, "Sẹ́fíù, gbogbo gbígbọ́n tí ò ń gbọ́n yìí,
o ò tíì gbọ́n."

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Bàbá Nọ́fíù, káfíńtà ọkọ̀,
ẹni tí ìka rẹ̀ méjì ti bá ayùn lọ,
tó ń fi mẹ́jọ tó kù ka pákó bí ẹni ń ka Kùránì.
Ó gbá ikùn ọkọ̀, ó tẹ́tí. Ó tún gbá a.
"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Ẹ wọ́ ọ gòkè."

Àwa mẹ́fà la wọ́ ọ gun iyanrìn.
Ìgbòkun tí ìyá mi fi àpò fúláwà rán
dùbúlẹ̀ sápá kan, ó ń wò wá.
Bàbá ní ká má wá omi lóde mọ́,
ká bu omi sínú, ká wo ibi tí yóò gbà jáde.
Ogójì kẹ́ẹ̀gì.
Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì,
bí ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀.

Ojú ìpàdé pákó méjì níwájú ló làágùn díẹ̀.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.
A fi ọ̀bẹ ti òwú bọ̀ ọ́, a yọ́ ọ̀dà lé e,
èéfín gba ojú wa.
Bàbá Nọ́fíù gbowó, ó jẹ ẹ̀bà, ó lọ.

Lálẹ́ Sátidé òjò tún rọ̀, bó ti ń rọ̀ láti Ọjọ́rú.
Láàárọ̀ Àìkú, omi bo ìka ẹsẹ̀ mi.

N ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú.
Mo jókòó síbi tí bàbá mi máa ń jókòó,
mo ti ìka bọ omi náà, mo fi kan ahọ́n.

Kò níyọ̀.

Ọ̀sà kẹ̀, lóṣù Ẹrẹ́nà! Iyọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.
Omi ẹsẹ̀ mi yìí kì í ṣọmọ ọ̀sà.
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀:
ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bá ìsàlẹ̀ ṣẹjọ́,
òkè ló jẹ̀bi.

Mo bu omi sí ife, mo gun òpó ìgbòkun,
mo dà á sílẹ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bá a bọ̀,
mo ń tẹ̀lé e bí ẹni ń tẹ̀lé èèrà kan ṣoṣo.
Nígbà tó dé ibi tí orí mi ga dé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá,
omi sọnù.

Ihò ìṣó.
Èmi ni mo kàn án.
Mo fẹ́ gbé rédíò bàbá mi kọ́ síbẹ̀
kó lè máa gbọ́ bọ́ọ̀lù bó bá ń da àwọ̀n.
Ó rí i, kò nà mí.
Ó ní, "Igi kì í gbàgbé," ó tan rédíò.
Ìṣó ti jẹrà. Ihò ò lọ síbì kan,
ó ń gbé òjò gba inú òpó
títí dé ìdí, títí dé ẹsẹ̀ mi.

Mo gbẹ́ èèkàn kékeré, mo fi ọ̀dà pa á.
Kí n tó gbá a wọlé, mo fetí sí ihò náà.
Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ lásán.

Ràfátù ní, "Ó ti dáwọ́ dúró?"
Mo ní, "Ó ku kíún."
Mo ti ìlàjì kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ìjókòó,
a ta ìgbòkun, a kọjú sí Ìbeṣè.