Àwo Kẹfà

Bàbá ní a ó tètè jí, kí oòrùn tó mọ̀ pé a ti lọ.
Ìyá ló kọ́kọ́ jí. Ó ti fi ewé òkun di ìrẹsì,
ó ti ka ìbọ̀sẹ̀ wa,
ó ti rí kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá ṣì ń wá.
Ọkọ̀ wa gba ènìyàn márùn-ún; àwa mẹ́fà la wọ̀ ọ́,
Takuma lórí itan Ìyá àgbà Fusae.
Láti Nagóyà dé Ṣigaráki kò jìnnà,
ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè náà lọ́ bí ìfun.
Minori bì lẹ́ẹ̀kan.
Bàbá ń kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan.
A káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jẹ̀bi.
Ìkòkò kan wà nínú gíláàsì, ògbólógbòó,
etí rẹ̀ ti ṣán,
ẹ̀gbẹ́ kan wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.
Eérú ti yọ́ sí i léjìká, ó ń ṣàn bọ̀ ní àwọ̀ ewé,
ó sì dúró lójijì, bí omijé tí ẹnìkan fọwọ́ dá dúró.
A kò mọ ẹni tó mọ ọ́n:
ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn.
Bàbá wo iye ọdún rẹ̀, ó súfèé.
Ìyá àgbà ní, “Irú èyí la fi ń rẹ ẹ̀fọ́ nílé wa.
Èwo ni ti gíláàsì?”
Ìyá nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó dúró síbẹ̀
títí Takuma fi fà á láṣọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun.

Ní ọgbà àwọn amọ̀kòkò, ère ẹranko oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀
dé fìlà koríko, wọ́n tò lọ láti ẹnu ọ̀nà.
Iye kan lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bàbá ka yẹ́ẹ̀nì, ó tún un kà.
Ìyá ní, “Ẹ lọ ṣe é. Èmi á máa ṣọ́ báàgì.”
Ohun tó máa ń sọ létí òkun nìyẹn, àti níbi ìran,
àti níbi gbogbo tí a ti ń sanwó kí a tó wọlé.
A kò bi í rí bóyá báàgì máa ń sálọ.

Amọ̀ tutù, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ kànga.
Ọ̀gbẹ́ni Onodera ní, “Ẹ má fipá mú un.
Amọ̀ kì í gbàgbé.”
Tèmi dà bí bàtà. Ti Minori dà bí èyí tí a rà.
Ti Bàbá wó lẹ́ẹ̀mẹ́ta;
ó ní ẹ̀rọ tó ń yí náà ni kò dọ́gba.
Nígbà tí a jáde, Ìyá wà níbi tí a fi í sí,
báàgì mẹ́rin lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
nǹkan funfun ti gbẹ sí i léèékánná.
Mo rò pé ìrẹsì àárọ̀ ni.

Oṣù méjì. Òjò dé, òjò lọ.
Páálí kan wọlé, ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀.
Tèmi nìyí! Irọ́ ni, ìwọ lo ni oníbàtà!
Minori kà wọ́n: mẹ́fà.
Ó tún wọn kà.
Èkẹfà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
ẹ̀gbẹ́ kan wú díẹ̀,
ẹnìkan fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, kò kọ orúkọ.
Bàbá ní àṣìṣe ni, ká dá a padà.
Ìyá kẹ̀yìn sí wa nídìí omi ẹ̀rọ.
Omi ń dà. Abọ́ tó ń fọ̀ ti mọ́ tipẹ́.

Ìyá àgbà gbé èkẹfà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀,
ó bu tíì sí i,
ó gbé e síwájú àga Ìyá.
“Kò jò,” ló wí.
Takuma wo ojú gbogbo wa:
“Ta ló wá ṣọ́ báàgì?”