Ẹyin Inú Eérú

Ọjọ́ Ẹtì ni, ààrò kò tíì gbóná
nílé ìyangàrí Ìyá Ṣónúbi, l'Óde-Rẹ́mọ.
Ọlábámijí fẹ́ kó eérú, ó kígbe:
ẹyin kan jókòó síbẹ̀,
àwọ̀ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ̀ bọ aró lẹ́ẹ̀kan
tí wọ́n sì tètè fà yọ.
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Ọ̀kan ní àrokò ni. Èkejì ní wọ́n fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́.
Ìyá Ṣónúbi kò sọ̀rọ̀,
ó kàn ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà.

Èmi ni wọ́n rán sí Màmá Efúnwùmí,
ẹni tí Bánkọ́lé ọmọ rẹ̀ gbé ẹyin méjìlá wá fún láti òkè òkun,
tó fi ìyẹ̀fun igi tẹ́ wọn bí ọmọ tuntun,
tó padà lọ láìkọ orúkọ ọ̀kan sílẹ̀.
Mẹ́sàn-án di òròmọdìẹ.
Ojú lásán ni màmá fi kọ́ ìyókù.

Ó dé, ó wo ẹyin, ó béèrè àpótí ìjókòó.
"Ta ló yé e?"
A ní bóyá èyí funfun. A ní bóyá èyí tí ọrùn rẹ̀ pá.
"Ẹ fi ìyẹ́ sílẹ̀.
Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ò jẹ́ ká mọ̀,
ṣé ti ẹyin ló máa wá sọ fún yín?
Ibi tí yẹtí ì bá wà ni kí ẹ wò.
Bó bá funfun níbẹ̀, ẹyin rẹ̀ sábà máa ń funfun.
Bó bá pupa níbẹ̀, ẹyin rẹ̀ á pupa bí ara ìkòkò."
Ó dákẹ́, ó fín tábà símú.
"Àmọ́ àwọn ẹlẹ́yin aró kò gba òfin etí.
Orí ni tiwọn. Ogbe wọn kì í dìde,
ó máa ń lẹ̀ mọ́ orí ni, ìlà mẹ́ta, wúruwùru bí erèé.
Òmíràn ní irùngbọ̀n. Òmíràn kò ní ìrù rárá,
mo kọ́kọ́ rò pé ológbò ló gé e.
Èyí tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ìyẹ́ ńkọ́?
Ẹyin tirẹ̀ dúdú bí kókò tó gbẹ lórí ẹní.
Bí akọ ẹlẹ́yin aró bá sì gun un,
ọmọbìnrin wọn á máa yé àwọ̀ ewé obì,
ẹ ò ní mọ ìdílé wo lẹ ó gbé e lọ."

A kó gbogbo adìẹ ilé jọ.
Ó gbá orí wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò pa ogbe wọn.
Ó dé orí aṣa kan, adìẹ ìbílẹ̀ pátápátá,
ìyẹ́ rẹ̀ yí síta bí ẹni tí ìjì ń lé.
Àtàǹpàkò dúró.
Ìlà mẹ́ta.
Adìẹ Ìyá Ṣónúbi fúnra rẹ̀,
tí wọ́n bí lábẹ́ àká rẹ̀, tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Wọn ò gbà. Màmá ní ó dáa.
Ó jókòó ti ààrò títí di ọjọ́ Àìkú,
kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Aṣa wọlé, ó tú eérú, ó bà,
ó dìde, ó kígbe fún gbogbo ayé.

Nígbà náà ni màmá fọ́ ẹyin kan nínú agolo,
ó fọ́ èyí pupa ti ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó yí èèpo méjèèjì sókè fún wa.
Inú èyí pupa funfun báláú.
Inú èyí aró, aró ni.
"Ti pupa yẹn, ọ̀dà ni, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kùn ún.
Tiwa yìí gba inú jáde."

Ìyá Ṣónúbi mú èèpo náà, ó gbé e sí oòrùn.
Ó pẹ́.
"Eló ni wọ́n ń ta ọ̀kan?" ló wí.

Nígbà tí mo sin màmá délé
ó dúró níwájú ọgbà, ó ka igi rẹ̀ títí dé ibi tó ṣẹ́.
"Bí Bánkọ́lé bá pè yín," ó ní,
"torí kì í pè mí,
ẹ sọ fún un pé àkùkọ rẹ̀ ti fo ọgbà."